Ẹ Pa Fóònù Yẹn, Kí Ẹ Fúnra Yín Pe Báńkì

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ tó sì ní owó ní báńkì, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà péré. Irú jìbìtì kan wà tí àwọn gbájú-ẹ̀ ayé òde òní fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni láì fọ́lé, láì yọ ìbọn. Wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n pè yín lórí fóònù. Wọ́n á ṣe bí ẹni pé báńkì ni wọ́n, tàbí ìjọba, tàbí ọmọ yín pàápàá, títí ẹ ó fi fi ẹnu ara yín sọ àṣírí tí wọ́n nílò kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan owó yín. Phishing ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá kàn sí yín nípa owó yín, ẹ má ṣe parí ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà tí òun gbà wá. Ẹ pa fóònù náà. Ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà tì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gba ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ lọ bá báńkì yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ká sọ pé ìyá kan wà tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági Tuntun n'Ìbàdàn. Ká máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, èrò ti pọ̀ ní ìsọ̀, oníbàárà méjì ń ná ankara lọ́wọ́. Fóònù dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, ohùn náà tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì létò.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Láti báńkì yín ni mo ti ń pè.” Ó sì pe orúkọ Ìyá Ìbejì ní pípé, orúkọ tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

“Mà, a rí i níbí pé BVN yín àti NIN yín kò tíì so pọ̀. Wọ́n ti fẹ́ ti àkáǹtì yín. Bó bá fi di aago méjìlá ọ̀sán òní, ẹ ò ní lè gbowó jáde mọ́ o.”

Àyà Ìyá Ìbejì já. Owó ọjà tó fẹ́ lọ kó l'Ékòó lọ́sẹ̀ yìí wà níbẹ̀.

“Ẹ má mikàn, mà. Mo lè bá yín ṣe é láti orí kọ̀ǹpútà wa níbí, kí ẹ má bàa wá tò sórí ìlà. Ẹ kàn bá mi ka nọ́ńbà gígùn tó wà lójú káàdì ATM yín.” Ó kà á. “Ọjọ́ tí káàdì náà máa parí ńkọ́?” Ó kà á. “Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta kan.” Ó kà á. “Ẹ ṣeun mà. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí. Ẹ kà á fún mi kíá, torí kì í pẹ́ kó tó kú.”

Ìyá Ìbejì wo ojú fóònù rẹ̀, nọ́ńbà náà ti wọlé lóòótọ́. Bó bá ti kà á jáde lẹ́nu, owó aṣọ lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wò díẹ̀díẹ̀, nítorí gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń lò ló wà nínú ìpè kan yìí.

Àkọ́kọ́, orúkọ. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni ìyá náà fi gbà pé báńkì ni. Ṣùgbọ́n orúkọ wa kì í ṣe àṣírí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí yín, bó bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín, orúkọ yín á yọ sí i. Nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà fóònù ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì wà lára ògiri ìsọ̀ wọn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń rí i. Ẹni tó mọ orúkọ yín kò tíì di òṣìṣẹ́ báńkì.

Ìkejì, ìròyìn tó gbòde. Òótọ́ ni pé ọdún 2014 ni BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, dé. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí oníkálukú so NIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Òótọ́ náà ni pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, ìyẹn CBN, kéde pé àwọn yóò dí àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Gbájú-ẹ̀ a máa wọ aṣọ òtítọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Ohun tí rédíò sọ lánàá ni yóò fi pè yín lónìí. Nígbà Kòrónà, owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n ń fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ kiri. Ìròyìn mìíràn tó bá tún jáde lọ́la, òun náà ni wọn yóò lò.

Ìkẹta, ìkánjú. Aago méjìlá ọ̀sán òní! Wọn kì í fún èèyàn láyè láti ronú, torí pé ẹni tó bá ráyè ronú yóò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò lè béèrè ní í pọ́n ara rẹ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí oníjìbìtì kì í fi fẹ́ kí ẹ pa fóònù, tí á sì tún máa sọ pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkẹrin ló wúwo jù: nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní OTP. Báńkì gan-an ló fi í ránṣẹ́, kì í ṣe ayédèrú. Bí Ìyá Ìbejì ṣe ń ka nọ́ńbà káàdì, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ń tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fi káàdì sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báńkì wá ń bi ẹni tó lówó pé, “Ṣé ìwọ lo ń ná owó yìí?” Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni ìdáhùn, òun ni “bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni.” Ẹni tó bá kà á fún ẹlòmíràn ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n kówó òun lọ. Òṣìṣẹ́ báńkì kankan kò nílò rẹ̀, torí àwọn ló fi í ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà PIN, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, bẹ́ẹ̀ ni password. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kankan nínú wọn lọ́wọ́ yín lórí fóònù, olè ni. Kò sí “bóyá” níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, “Èmi kàwé, wọn ò lè rí mi mú.” Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2020, àkáǹtì àwọn gbajúmọ̀ ayé lórí Twitter, irú Barack Obama, Joe Biden, Bill Gates àti Elon Musk, bẹ̀rẹ̀ sí í kéde lójijì pé ẹni tó bá fi Bitcoin ránṣẹ́ sí àwọn, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni àwọn yóò dá padà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún 118 dọ́là tí àwọn olè náà rí kó kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Florida ni òléwájú wọn. Ṣé ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé? Fóònù ni wọ́n fi pe àwọn òṣìṣẹ́ Twitter. Àsìkò Kòrónà ni, ilé ni oníkálukú ti ń ṣiṣẹ́, bí wọn yóò ṣe máa wọ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ láti ilé sì ń fún wọn níṣòro. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ní àwọn ni ẹ̀ka tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbi iṣẹ́, pé àwọn wá bá wọn yanjú ìṣòro ọ̀hún. Wọ́n júwe ìkànnì kan fún wọn tó jọ ti iléeṣẹ́ náà. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tẹ password wọn síbẹ̀, wọ́n sì tún fọwọ́ sí ìbéèrè tó yọ lórí fóònù wọn pé ṣé àwọn ni.

Iléeṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn o. Ìlànà tí wọ́n fi mú wọn, òun náà ni wọ́n lò fún Ìyá Ìbejì: ìṣòro tó wà lóòótọ́, ohùn ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́, àti ìkánjú. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tètè ké gbàjarè, àsìkò tí wọ́n sì fi ń tijú yẹn ni owó fi ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí líǹkì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, John Podesta, alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton ní Amẹ́ríkà, gba ímeèlì kan tó jọ èyí tó ti ọ̀dọ̀ Google wá. Ó ní ẹnìkan ti mọ password rẹ̀, kó tètè pààrọ̀ rẹ̀, bọ́tìnì tí yóò tẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tiẹ̀ béèrè: wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ wọn kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Onítọ̀hún fèsì pé ojúlówó ni. Ó sọ lẹ́yìn náà pé àṣìkọ ni, pé ayédèrú lòun fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n nínú èsì yẹn kan náà, ó kọ àdírẹ́sì Google gan-an, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lọ pààrọ̀ password. Wọn ò gba ibẹ̀. Bọ́tìnì inú ímeèlì àkọ́kọ́ ni wọ́n padà tẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, WikiLeaks bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ímeèlì Podesta síta, gbogbo ayé ń kà wọ́n.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí wọ́n bi léèrè ṣì wọ́n lọ́nà, síbẹ̀, ká ní wọ́n gba ọ̀nà tó júwe fún wọn ni, kò sí ohun tí ì bá sọnù. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀nà nìyẹn. Ẹ lè má mọ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ kan jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Bí ẹ ò bá ti gba ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì, ẹ mú bírò. Ẹ kọ èyí sílẹ̀: https://ilebanki.com.tun-bvn-se.xyz/wole. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò rí “ilebanki.com” níwájú, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń kà á. Ẹ fi https àti àwọn àmì tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, kí ẹ wá ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọ́kọ́ tún yọ, èyí tó wà ṣáájú “wole”. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ ìlà náà jù, tí dọ́ọ̀tì wà láàárín wọn, ìyẹn tun-bvn-se.xyz, ni ẹni tó ni ìkànnì náà. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé .com.ng tàbí .gov.ng ló fi parí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ kà. Cbn.gov.ng, fún àpẹẹrẹ, ni ìkànnì CBN.

Àwọn ìmọ̀ràn kan sì ti gbó, ẹ má gbára lé wọn mọ́. Wọ́n máa ń ní kí á wo àṣìkọ inú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn kọ ọ́ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì wọn dán mọ́rán. Wọ́n ní kí á wo àmì àgádágodo lókè ìkànnì. Àmì yẹn kàn ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Kò sọ bóyá olè ló dúró ní òpin ọ̀nà náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi orúkọ báńkì yín wọlé náà lè jẹ́ èké, ó tilẹ̀ lè bọ́ sí abẹ́ àwọn alẹ́ẹ̀tì tòótọ́ tí báńkì ti ń fi ránṣẹ́ sí yín tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó gbé ọjà fún oníbàárà tó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ wò ó bóyá owó náà ti wọlé ní tòótọ́. Alẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó.

WhatsApp ńkọ́? Ọ̀rẹ́ yín kan, tàbí ará ìjọ yín, á kọ̀wé sí yín pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi í ránṣẹ́ padà.” Wọ́n ti gba WhatsApp ọ̀rẹ́ yín ná, òun kọ́ ló ń kọ̀wé. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa fi gba tiyín náà, kí wọ́n lè máa fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ yín. Ohun tó ń dènà èyí ò le. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, kí ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tó jẹ́ àṣírí yín. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ gbà, èyí á dá wọn dúró.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní London tàbí Houston, ẹ ṣọ́ra fún àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní, “Mọ́mì, fóònù mi bà jẹ́, nọ́ńbà mi tuntun nìyí, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò owó kíákíá.” Ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́. Bí kò bá wọlé, ẹ bi í ní ohun tí ẹlòmíràn kò lè mọ̀, bóyá oríkì tí ìyá àgbà fi ń kí i ní kékeré. Ọmọ yín á rẹ́rìn-ín, á sì dá yín lóhùn. Olè á bínú.

Bó bá wá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ká má rí i o, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, eré ni kí ẹ sá. Ẹ pe báńkì yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nọ́ńbà wọn sábà máa ń wà lẹ́yìn káàdì ATM, kí ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì náà. Ọ̀pọ̀ báńkì tún ní nọ́ńbà USSD tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù èyíkéyìí láti fi ti àkáǹtì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì ò yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní CBN. Ẹ fi tó ọlọ́pàá náà létí. Ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀ka tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, náà sì ń gbẹ́jọ́ irú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2015 sọ ọ́ ní abala 32 rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣe phishing yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó máa wá lẹ́yìn náà pé àwọn mọ bí wọ́n ṣe lè bá yín gba owó náà padà, kí ẹ sáà ti san díẹ̀ ṣáájú. Gbájú-ẹ̀ ni àwọn náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, owó tí àwọn èèyàn yìí ń kó lọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Owó iléèwé ọmọ ni. Owó ilé ni. Owó àjọ tí ìyá arúgbó dá fún ọdún gbáko ni. Inú bí mi sí i, mo sì fẹ́ kí inú bí ẹ̀yin náà, débi tí ẹ ó fi ṣe nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Àkọ́kọ́, ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín láti ẹ̀yìn káàdì sínú ìwé, kí ẹ sì tún kọ ọ́ sínú fóònù. Ìkejì, ẹ fi nọ́ńbà àṣírí ti Two-step verification sórí WhatsApp yín. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ní kí ọmọ yín ṣe é lójú yín. Ìkẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó ti ìyá àti bàbá yín, kí ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú sùúrù pé: “Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín nípa owó, ẹ pa fóònù, kí ẹ pè mí.” Kí ẹ sì gbé e nígbà tí wọ́n bá pè, ẹ má ṣe jágbe mọ́ wọn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Báńkì kankan kò ní bínú sí yín pé ẹ pa fóònù mọ́ àwọn létí láti pe àwọn padà. Ẹni tó bá bínú, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́.  Olè ò ní jà yín o.